Ohun tí Ìbéèrè Ń Béèrè: Àkíyèsí lórí Ìdánwò Nọ́ọ̀sì àti Akẹ́kọ̀ọ́ Elédè Yorùbá ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

1. Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ọ̀nà tí akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì tí Yorùbá jẹ́ èdè abínibí rẹ̀ lè gbà ka ìbéèrè ìdánwò tí a fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ, kí ó sì mọ ohun tí ìbéèrè náà ń béèrè gan-an kí ó tó máa wá ìdáhùn sí i. Ó lè ya àwọn olùkọ́ wa lẹ́nu pé irú ọ̀rọ̀ báyìí wọ inú sẹ́mínà ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ èdè. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tí a ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí kò ju pé kí wọ́n kàwé dáadáa, kí wọ́n sùn dáadáa, kí wọ́n má sì bẹ̀rù. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ìmọ̀ràn náà ni ó kan gbólóhùn tí ó wà níwájú ẹni tí ń ṣe ìdánwò. Bẹ́ẹ̀ sì ni inú gbólóhùn yẹn ni ọ̀pọ̀ máàkì ń sọnù sí.

Ọ̀ràn náà kì í ṣe kékeré. Òfin 1979 tí Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí ilẹ̀ Nàìjíríà dúró lé kò fàyè gba ẹnikẹ́ni láti ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì láìforúkọsílẹ̀, ìdánwò Ìgbìmọ̀ yìí sì ni ẹnu ọ̀nà tí a ń gbà wọlé. Ẹni tí ó ti lo ọdún gbọọrọ lẹ́nu ẹ̀kọ́, tí ó mọ bí a ti í tọ́jú aláìsàn, tí ó wá kùnà nítorí pé ó dáhùn ohun tí a kò bi í, ìyà rẹ̀ kò mọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ àti àwọn òbí rẹ̀ nìkan. Wọ́ọ̀dù tí ìbá ti ṣiṣẹ́ pàdánù pẹ̀lú.

A yan Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ fún ìdí méjì. Èkíní ni pé iṣẹ́ ìwòsàn ti pẹ́ ní agbègbè náà. Ní 1907 ni Dókítà George Green, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, dé Ògbómọ̀ṣọ́. Iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ni ó dàgbà di ilé ìwòsàn Onítẹ̀bọmi, èyí tí ó di ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ Yunifásítì Bowen ní 2009. Yunifásítì LAUTECH, tí a dá sílẹ̀ ní 1990, náà ní ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ní ìlú kan náà. Ẹni tí ó bá ti Ọ̀yọ́ gbéra láti lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, bí ó bá kọjú sí àríwá, Ògbómọ̀ṣọ́ ni yóò dé. Bí ó bá kọjú sí gúúsù, Ìbàdàn ni, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti UCH ti bẹ̀rẹ̀ ní 1952. Ìdí kejì jẹ mọ́ èdè. Ẹ̀ka-èdè Ọ̀yọ́ ni wọ́n ń sọ ní ìlú méjèèjì, òun náà sì ni Yorùbá àkọsílẹ̀ gbára lé jù. Èdè tí akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń sọ nílé kò jìnnà sí èyí tí ó kà ní ilé-ìwé, nítorí náà kò ṣòro fún un láti yí gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì padà sí Yorùbá tí ó gún régé nínú ọkàn rẹ̀. Lórí èyí ni àbá wa dúró.

A kò mú ìbéèrè kankan nínú àwọn àpẹẹrẹ ìsàlẹ̀ yìí láti inú ìdánwò ẹnikẹ́ni. A dá wọn ṣe ni, ní ìbámu pẹ̀lú irú èyí tí ó wọ́pọ̀.

2. Atọ́kùn ìbéèrè

Ìbéèrè tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní 'objective' ní apá méjì. Apá kìn-ín-ní ni a ó máa pè ní orí ìbéèrè: òun ni ó sọ ipò tí aláìsàn wà, tí ó sì béèrè ohun kan. Apá kejì ni àwọn ìdáhùn tí a tò sísàlẹ̀, tí wọ́n sábà máa ń jẹ́ mẹ́rin. Láàárín orí ìbéèrè, ọ̀rọ̀ kékeré kan wà tí ó ń sọ irú ìdáhùn tí a ń fẹ́: 'first', 'best', 'next', 'except' àti irú wọn. A ó máa pe irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní atọ́kùn ìbéèrè, nítorí pé ó ń mú ìbéèrè rìn bí atọ́kùn ti ń mú eégún rìn. Aṣọ eégún ni gbogbo ènìyàn ń wò. Ibi tí atọ́kùn bá darí sí ni eégún ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí a gbé àpẹẹrẹ kan yẹ̀ wò. Obìnrin kan bímọ ní wákàtí kan sẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì rí i pé ẹ̀jẹ̀ ti rin páàdì rẹ̀ gbingbin, ilé-ọmọ rẹ̀ sì rọ̀ nígbà tí ó fọwọ́ kàn án. Kí ni nọ́ọ̀sì yóò kọ́kọ́ ṣe? (A) Yóò wọn ìfúnpá rẹ̀. (B) Yóò fọwọ́ ra ilé-ọmọ náà títí yóò fi le. (C) Yóò ránṣẹ́ pe dókítà. (D) Yóò kọ ohun tí ó rí sínú ìwé aláìsàn.

Kò sí ìkankan nínú mẹ́rin yìí tí nọ́ọ̀sì gidi kò ní ṣe kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń wá èyí tí ó tọ́ yóò rí mẹ́rin, yóò sì mú èyí tí ó mọ̀ jù. Ìdáhùn tí a ń fẹ́ ni B, nítorí pé ilé-ọmọ tí ó rọ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń dà, ọwọ́ nọ́ọ̀sì sì ni ohun tí ó súnmọ́ ọn jù láti fi dá a dúró.

Níbi yìí ni Yorùbá ti ṣàǹfààní. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, èrò kan yìí lè wọ aṣọ púpọ̀: 'first', 'initial action', 'priority', 'immediately'. Nígbà mìíràn ó jẹ́ ọ̀rọ̀-àpèjúwe lára ọ̀rọ̀-orúkọ, nígbà mìíràn ó wà ní ìparí gbólóhùn, ojú sì lè fò ó. Bí a bá yí gbogbo wọn sí Yorùbá, 'kọ́kọ́' ni wọn yóò dà, ibi kan ṣoṣo ni 'kọ́kọ́' sì máa ń dúró sí: iwájú ọ̀rọ̀-ìṣe. Kò ríbi fara pamọ́ sí. Bákan náà ni 'best' àti 'most appropriate' yóò di 'dára jù'. 'Jù' kò sì ní ìtumọ̀ bí kò bá sí ohun mìíràn tí ó dára tí a ń fi wé e. Ẹni tí ó bá gbọ́ 'jù' ti mọ̀ pé ìdáhùn rere ju ẹyọ kan lọ ní ìsàlẹ̀. Ní ti 'next', 'lẹ́yìn èyí' ni yóò dà, ó sì di dandan kí akẹ́kọ̀ọ́ béèrè pé lẹ́yìn èwo. Ìyẹn ni pé ohun kan ti ṣẹlẹ̀ nínú orí ìbéèrè, a kò sì gbọdọ̀ tún un ṣe.

Àwọn olùkọ́ nọ́ọ̀sì ní àwọn òfin tí wọ́n fi ń to ohun tí ó yẹ kí ó ṣáájú. Ọ̀nà èémí ṣáájú mímí, mímí ṣáájú ìṣàn ẹ̀jẹ̀. Ohun tí ara nílò láti wà láàyè ṣáájú ààbò, ààbò sì ṣáájú ìfẹ́ àti iyì. Láti ọwọ́ Maslow ni èyí ti wá, nínú iṣẹ́ rẹ̀ ti 1943. Òfin kẹta sọ pé kí nọ́ọ̀sì yẹ aláìsàn wò kí ó tó ṣe ohunkóhun. Òfin rere ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ wo òfin kẹta yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbéèrè obìnrin tí ó bímọ. Ẹni tí ó bá há òfin náà sórí yóò mú A, nítorí pé wíwọn ìfúnpá jẹ́ yíyẹ̀ wò. Orí ìbéèrè ti yẹ obìnrin náà wò tán: ó sọ pé ilé-ọmọ rọ̀, ó sọ pé ẹ̀jẹ̀ rin páàdì. Kí orí ìbéèrè tó lè jẹ́ kí a lo òfin 'yẹ̀ ẹ́ wò', a gbọ́dọ̀ rí i pé kò tíì sí ẹni tí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Lójú tiwa, òfin tí a há sórí láìka orí ìbéèrè ń ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà ju àìmọ̀ lọ, nítorí pé ẹni tí kò mọ̀ a máa rọra, ẹni tí ó há òfin sórí kì í rọra.

3. Ìbéèrè tí ó ní ìyísódì

Bí a bá bi Yorùbá pé 'Ṣé aláìsàn náà kò tíì jẹun?', tí kò sì tíì jẹun lóòótọ́, ìdáhùn rẹ̀ ni 'Bẹ́ẹ̀ ni'. Ohun tí ó ń sọ ni pé bí o ti wí ni ó rí. Elédè Gẹ̀ẹ́sì yóò sọ pé 'No', nítorí pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an ni ó ń dáhùn, kì í ṣe gbólóhùn ẹni tí ó bi í. Gbogbo wa nínú yàrá yìí ni a mọ èyí gẹ́gẹ́ bí kókó inú gírámà. Ẹ rò ó wò ní wọ́ọ̀dù, ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, nígbà tí a ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì béèrè bóyá aláìsàn kò tíì jẹun, tí ẹni tí ń dáhùn sì ń fi ọkàn Yorùbá sọ pé 'Yes'.

Nínú ìdánwò, ìyísódì a máa wá ní ọ̀nà méjì. Ọ̀nà kìn-ín-ní hàn sójú: gbogbo ìwọ̀nyí jẹ́ àmì pé omi ara ọmọ ọwọ́ ti gbẹ, àyàfi èwo? (A) Ẹnu gbígbẹ. (B) Àwùjẹ̀ tí ó jìn wọnú. (C) Ìtọ̀ púpọ̀. (D) Ojú tí ó jìn wọnú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń kánjú yóò rí A, yóò rí i pé òótọ́ ni, yóò sì fàmì sí i. Ìdáhùn ni C. Ohun tí ó dára jù ni kí a fi ìyísódì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, kí a béèrè ìbéèrè kan náà lọ́wọ́ ìdáhùn kọ̀ọ̀kan: ṣé àmì ni èyí? Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́, bẹ́ẹ̀ ni. Èyí tí ó bá yàtọ̀ sí àwọn yòókù ni a ń wá.

Ọ̀nà kejì léwu jù, nítorí pé kò sí ọ̀rọ̀ ìyísódì kankan nínú gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. A kọ́ ìyá kan bí yóò ti tọ́jú ọmọ rẹ̀ tí ń yàgbẹ́ gbuuru. Ìbéèrè sọ pé èwo nínú ọ̀rọ̀ ìyá náà ni ó fi hàn pé ó 'needs further teaching'? Ẹni tí ó kà á lójú eré rò pé ọ̀rọ̀ rere ni a ń wá lẹ́nu ìyá. Bí a bá yí i sí Yorùbá, ìyísódì tí ó fara pamọ́ yóò jáde síta: èwo ni ó fi hàn pé ohun tí a kọ́ ọ *kò* tíì yé e? Nínú ìdáhùn mẹ́rin, ìyá lè sọ pé òun ó máa fún ọmọ ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà díẹ̀díẹ̀, pé òun ó máa fún un lọ́mú lọ, pé òun ó dá oúnjẹ dúró títí ìgbẹ́ náà yóò fi dá, àti pé òun ó gbé e padà wá bí ojú rẹ̀ bá ń jìn. Ẹ̀kẹta ni a ń wá. Ó sì jẹ́ ohun tí àwọn ìyá ń ṣe ní tòótọ́, èyí tí ó mú kí ó dà bí ọ̀rọ̀ tí ó mọ́gbọ́n wá lójú akẹ́kọ̀ọ́ tí a tọ́ ní ilé bẹ́ẹ̀.

4. Ohun tí a kò gbọdọ̀ túmọ̀

Bí a bá gba akẹ́kọ̀ọ́ níyànjú pé kí ó máa yí ìbéèrè sí Yorùbá, a gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ó yẹ kí ó dúró. Atọ́kùn ni kí ó túmọ̀. Kí ó fi orúkọ ẹ̀yà ara, orúkọ àrùn àti orúkọ oògùn sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì bí ó ti bá wọn.

Ẹ wo 'ẹsẹ̀'. Láti itan títí dé ọmọ-ìka, ẹsẹ̀ ni. 'Ọwọ́' náà bẹ̀rẹ̀ láti apá, ó parí sí èékánná, bí a kò bá dìídì ya apá sọ́tọ̀. Ìbéèrè tí ó sọ ibi kan pàtó tí a ó gún abẹ́rẹ́ sí yóò sọ ibẹ̀ nù bí a bá dà á sínú ọ̀rọ̀ tí ó fẹ̀ bẹ́ẹ̀. 'Òtútù' lè jẹ́ ojú ọjọ́, ó lè jẹ́ gbígbọ̀n ara, ó sì lè jẹ́ àìsàn àyà. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù nínú wọn ni 'ibà'. Ní ẹnu wa, ibà ni ara gbígbóná, ibà náà ni àìsàn tí ẹ̀fọn ń fà. Nínú ìwé nọ́ọ̀sì, àmì ni ti àkọ́kọ́, àrùn ni ti èkejì. Bí ìbéèrè bá sọ pé ara ọmọ kan gbóná, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì gbọ́ 'ibà' nínú ọkàn rẹ̀, oògùn ẹ̀fọn ni ojú rẹ̀ yóò lọ bá nínú àwọn ìdáhùn, nígbà tí ó jẹ́ pé bí a ó ti mú ìgbóná ara náà wálẹ̀ ni a bi í. Lóòótọ́, gírámà àti lítíréṣọ̀ ti ní ìwé èdè-ìperí tiwọn láti 1984 lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé. Ọ̀rọ̀ wọ́ọ̀dù ní tirẹ̀ ń béèrè irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò ṣe ìdánwò lọ́la kò lè dúró dè é.

'Gìrì' fi ìṣòro mìíràn hàn. Bí ìbéèrè bá gbé ọmọ tí gìrì mú kalẹ̀, ìdáhùn tí a ń fẹ́ sábà máa ń jẹ́ pé kí a dà á dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ọ̀nà èémí rẹ̀ lè mọ́. Lára àwọn ìdáhùn yòókù ni a ó ti rí i pé kí a ki síbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, tàbí kí a dì í mú gírígírí. Àwọn ìdáhùn wọ̀nyí kì í ṣe àjèjì ní agboolé wa, gẹ́gẹ́ bí àgbo onítọ̀ màlúù tí àwọn dókítà ti kìlọ̀ nípa rẹ̀ tipẹ́ kò ti jẹ́ àjèjì. Èdè abínibí ń gbé àṣà abínibí wá pẹ̀lú ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá túmọ̀ orúkọ àìsàn náà tán, kí ó ṣọ́ra fún ìtọ́jú tí orúkọ náà ń rán an létí.

5. Ilé ìwòsàn inú ìwé

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í ṣe ti èdè pátápátá, a kò sì lè fò ó. Nínú ilé ìwòsàn tí ìdánwò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, iná kì í lọ, ìbọ̀wọ́ kì í tán, nọ́ọ̀sì kan kì í sì í nìkan tọ́jú wọ́ọ̀dù kan ní òru. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ní kí ẹbí aláìsàn lọ ra ìbọ̀wọ́ níta yóò rí ìdáhùn kan tí ó bá ohun tí ojú rẹ̀ ti rí mu, yóò sì mú un. Kí ó má ṣe é. Ìwé ni ó ń bi í, kì í ṣe wọ́ọ̀dù. A gbà pé ìmọ̀ràn yìí korò díẹ̀, nítorí pé ọgbọ́n tí nọ́ọ̀sì fi ń gba ẹ̀mí là nígbà tí ohun èlò kò tó kò sí ẹni tí ń fún un ní máàkì.

6. Àbá, àyípadà àti àkókò

Ní 1965, Millman, Bishop àti Ebel gbé àpilẹ̀kọ kan jáde tí ó to àwọn ọgbọ́n tí ènìyàn lè lò nínú ìdánwò láìka ìmọ̀ rẹ̀ sí. Èyí tí ó rọrùn jù ni ìṣirò. Nínú ìdáhùn mẹ́rin, ẹni tí ó dá àbá lásán ní àǹfààní kan nínú mẹ́rin. Bí ó bá lè fi ìmọ̀ yọ méjì kúrò, ó di kan nínú méjì. Níbi tí a kì í bá ti í yọ máàkì fún àṣìṣe, kò sí ìdí tí a ó fi fi àyè sílẹ̀ lófìfo. Àwọn kan a tún máa sọ pé kí a yẹra fún ìdáhùn tí ó bá ní 'gbogbo' tàbí 'láéláé' nínú. Ó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ara ènìyàn kì í ṣe bákan náà nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n a kì í ti pòtásíọ̀mù sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tààrà láéláé, ẹni tí ó bá sì torí 'láéláé' sá fún ìdáhùn yẹn ti fi ọgbọ́n ìdánwò sọ ìmọ̀ rẹ̀ nù.

Ìmọ̀ràn kan tí a máa ń gbọ́ ni pé kí a má ṣe yí ìdáhùn àkọ́kọ́ padà. Ìwádìí kò gbè é lẹ́yìn. Kruger, Wirtz àti Miller fi hàn ní 2005 pé àwọn tí wọ́n yí ìdáhùn wọn padà láti èyí tí kò tọ́ sí èyí tí ó tọ́ pọ̀ ju àwọn tí wọ́n yí i lódìkejì lọ. Ìrora ẹni tí ó fi èyí tí ó tọ́ sílẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó gbàgbé. Bí a bá tún orí ìbéèrè kà tí a sì rí atọ́kùn tí ojú wa fò, kí a yí i.

Àtúnkà gba àkókò, ìlànà ìdánwò kò sì dọ́gba káàkiri. Nínú ìdánwò orí kọ̀ǹpútà tí àwọn tí ń lọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe, ìbéèrè 100 ni ó wà ní apá iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, a sì ń fún wọn ní wákàtí méjì ààbọ̀: ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn tó láti ka orí ìbéèrè lẹ́ẹ̀méjì. Ní 2023, ìyára tí kò ṣeé gbà gbọ́ tí àwọn kan fi parí ìdánwò yìí ní ilé ìdánwò kan ní Ìbàdàn ni ó mú kí ìgbìmọ̀ tí ń forúkọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fura sí èrú. Ìfura náà sì tàn dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹni tí ó ti jókòó níbẹ̀ rí. Ti Amẹ́ríkà tún yàtọ̀: láti 1994 ni kọ̀ǹpútà ti ń yan ìbéèrè tí ó kàn gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ti dáhùn èyí tí ó ṣáájú, kò sì sí pípadà sẹ́yìn. Ẹni tí a ti kọ́ pé kí ó fo ìbéèrè tí ó le, kí ó padà sí i níkẹyìn, kí ó mọ̀ pé ìmọ̀ràn náà kò wúlò níbẹ̀.

Ó ku ìṣirò, níbi tí èdè kò ti fi bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rọ̀ sọ. A fẹ́ kí dírípù tí ó jẹ́ mílílítà 1000 wọ ara aláìsàn ní wákàtí 8, ẹ̀kán 20 sì ni mílílítà kan. Ẹ̀kán mélòó ní ìṣẹ́jú kan? Wákàtí 8 jẹ́ ìṣẹ́jú 480. 1000 lọ́nà 20 jẹ́ 20,000. A pín in sí 480, ó fún wa ní 41.67, èyí tí í ṣe ẹ̀kán 42. Atọ́kùn wà níhìn-ín pẹ̀lú: 'ní ìṣẹ́jú kan' ni a béèrè, ẹni tí ó bá sì gbàgbé láti sọ wákàtí di ìṣẹ́jú yóò rí 2,500. Bí àmì ìdá bá ṣí nípò lọ́wọ́ ẹlòmíràn, yóò rí 417. Kí ó tó fàmì sí i, kí ó ro dírípù kan tí ń kán ní ìgbà méje láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí ó sì wò ó bóyá òun lè kà á.